Ìbéèrè méjì ni wọ́n ń bi ẹran inú ìgò yẹn, kìí ṣe ọ̀kan

Tí wọ́n bá rí kókó lọ́mú ìyá àgbà kan ní Kétu ilẹ̀ Benin, ti fọ́tò ọmú àti ekográfì tí wọ́n á kọ́kọ́ ní kí wọ́n lọ ṣe, ká fo ìyẹn. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ìgbà tí dókítà bá fi abẹ́rẹ́ yọ ẹran tín-ín-rín bí òwú àbẹ́là jáde nínú kókó náà, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ni. Ìbéèrè kìn-ín-ní nìyẹn. Ibẹ̀ làwọn ará ilé máa ti pariwo pé ẹ má jẹ́ kí irin kàn án o, tí irin bá kàn án pẹ́nrẹ́n ó máa tàn ká gbogbo ara. Ọ̀rọ̀ yìí ń bíni nínú jàre. Oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi ń sá fún abẹ́rẹ́ ló ń jẹ́ kó ráyè tàn.

Ẹran náà gbọ́dọ̀ wọ inú fọ́mọ́ọ̀lù, omi oògùn tí kìí jẹ́ kí ẹran bàjẹ́, kó tó tó wákàtí kan, omi lásán ò ṣe é, sódábì (ògógóró) náà ò ṣe é. Kó wà níbẹ̀ fún wákàtí 6 ó kéré tán, kó má sì ju 72 lọ, torí náà ìgò tó bá ń dúró de mọ́tò látọjọ́ Ẹtì, tó ṣì máa gba Pọ́bẹ̀, Sákétẹ́ àti Àjàṣẹ́ kó tó dé làbó ní Kútọnu, wàhálà ti wà níbẹ̀. Wọ́n ṣì lè rí i pé jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè kejì lè má ní ìdáhùn tó ṣeé gbára lé mọ́.

Ìbéèrè kejì ọ̀hún ni: oúnjẹ wo ni jẹjẹrẹ náà ń jẹ?

Ẹ wo Àkàbà Ìdèna, ẹnu ọ̀nà odi ìlú Kétu. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú ní ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni ẹstrójìn, họ́mónù obìnrin, ń gbà wọlé wá bọ́ wọn. Oògùn tamoxifen máa ń lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn, oúnjẹ á dé, kò ní ráyè wọlé. Oògùn méjì míì, anastrozole àti letrozole, ò tiẹ̀ sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, ebi ni wọ́n fi ń bá ìlú jà, bí àwọn Dànhọ̀mẹ̀ ṣe dó ti Kétu títí ebi fi mú ìlú tó sì ṣubú ní 1886. (Àwa la wá di ọmọ ogun Dànhọ̀mẹ̀ nínú àpèjúwe yìí, kí àwọn àgbà foríjì wá.)

Ẹnìkan á ní nǹkan oṣù màmá ti dúró látọjọ́ tó ti pẹ́, ẹstrójìn wo ló kù? Ilé ẹyin ti sinmi lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rá ara ṣì ń sè é díẹ̀díẹ̀, ohun tó ń sè é ni wọ́n ń pè ní aromatase, òun gan-an ni oògùn méjì yẹn ń dá dúró. Lára ọmọ ọgbọ̀n ọdún oògùn méjì náà ò lè dá a ṣe torí ìkòkò ńlá, ìyẹn ilé ẹyin, ṣì wà lórí iná. Àgbà tí gbogbo èèyàn ń tìtorí ẹ̀ sọ pé "ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi" ló jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún màmá, hóró kan lóòjọ́, fún ọdún 5 nígbà míì, tí wọ́n á sì máa ṣọ́ egungun wọn torí ó lè sọ ọ́ di ẹlẹgẹ́.

Lágbàáyé, bíi 7 nínú 10 jẹjẹrẹ ọmú ló ní ẹnu ọ̀nà yìí, lọ́dọ̀ tiwa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ó kéré sí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi lè méfò, àfi kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Ibi tí ètò yìí ti ń já ni pé tí bébà èsì làbó bá dé, àwọn ará ilé á rí "carcinome", ìyẹn jẹjẹrẹ, wọ́n á bú sẹ́kún, wọ́n á ká bébà. Ó yẹ kí RE (ẹnu ọ̀nà ẹstrójìn), RP (ẹnu ọ̀nà progesterone, họ́mónù obìnrin kejì) àti HER2 (ẹnu ọ̀nà míì tó ń mú jẹjẹrẹ dàgbà) wà níbẹ̀. Tí wọn ò bá sí, ẹ béèrè. Ẹran tí làbó rì sínú àbẹ́là, tí wọ́n gé ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n wá pa láró, èyí tó kù níbẹ̀ wọn kìí dàánù, wọ́n ṣì lè bi í ní ìbéèrè kejì lẹ́yìn oṣù púpọ̀, láì tún gún màmá lábẹ́rẹ́ mọ́.