Ẹ Má Kọ Orin Ogun Sẹ́yìn Jẹ́sì Tí Ẹ Fẹ́ Fi Ran Opó Lọ́wọ́

Tí oṣù Ṣẹ́rẹ́ bá ti ń kanlẹ̀kùn, àwọn ẹgbẹ́ tó ń gun kẹ̀kẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ ọ̀rọ̀ sára aṣọ ní Utako, l'Ábújá, pé àwọn fẹ́ jẹ́sì táwọn máa fi kówó jọ fún ìdílé àwọn sójà. Ọjọ́ 15 oṣù náà la máa ń rántí àwọn ológun tó kú, torí ọjọ́ yẹn ni ogun Bìáfùrà parí lọ́dún 1970. Iṣẹ́ rere ni. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń gbé wá pé kí n tẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ ló ń bí mi nínú: iná, ẹ̀jẹ̀, kìnnìún, ìbọn.

Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀ síwájú ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ni onímọ́tò ń rí. Àpò mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀yìn jẹ́sì, tí wọ́n ń ki omi àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí. Àárín èjìká ni kí ọ̀rọ̀ wà, kó má ju márùn-ún lọ.

Àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà ńkọ́? Èmi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni ní kò pọn dandan. OMO OGUN láìlámì, ṣé ọmọ ogun ni, àbí ọmọ Ògún, àbí ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn? OPO lè jẹ́ opó, ó lè jẹ́ òpó ilé, ó sì lè jẹ́ ọ̀pọ̀. Àwọn tó ń fi rọ́bà lẹ ọ̀rọ̀ mọ́ aṣọ á ní kọ̀ǹpútà àwọn ò lámì. Irọ́ ni, ọ̀lẹ ló ń ṣe wọ́n. Rọ́bà yẹn kì í jẹ́ kí òógùn jáde, kì í sì í pẹ́ bó. Aṣọ pólísítà ni kí ẹ rà, kí a fi ooru tó tó ìwọ̀n 200°C tẹ íǹkì wọnú fọ́nrán rẹ̀.

Ìyá kan ní òun ò ní wọ aṣọ tí wọ́n kọ “opó” sí, kí òun náà má baà di opó. Aṣọ wo ló pa ọkọ ẹnì kan rí?

Lọ́dún kan, ẹgbẹ́ kan yarí pé AKỌNI KÌ Í KÚ làwọn fẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́, ó rẹwà, mo bá wọn kó o lọ sí bárékè. Opó kan, ọmọ Ọ̀fà, gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó ń fi ìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ọmọkùnrin rẹ̀ jókòó tì í.

Ó ní, “Bọ̀dá, tèmi kú o.”

Ó ká a dáadáa, ó dá a padà fún mi.

Mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ padà wá, mo sì fowó ara mi tẹ òmíràn: ỌMỌ WỌN, ỌMỌ WA NI. Ọmọkùnrin yẹn ni mo kọ́kọ́ fún. Ó tóbi fún un, ó kàn án lórúnkún, àmọ́ ó gbé e wọ̀.