Istanbul ni wọ́n ti dá a sílẹ̀: ìtàn ìpilẹ̀ṣẹ̀ ewì ẹ̀fẹ̀ àwọn ará Bùlùgáríà

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ará Bùlùgáríà pé ta ni ọ̀gá nínú ewì ẹ̀fẹ̀ lédè wọn, ó ṣeé ṣe kó dárúkọ Hristo Smirnenski fún yín: ọmọ tó ta ìwé ìròyìn ní ìgboro Sofia, tó fi ewì na olówó àti òṣèlú lẹ́gba, tí ikọ́ ẹ̀gbẹ sì pa ní 1923 nígbà tó wà lẹ́ni ọdún 24. Mi ò bá Smirnenski jà, a ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe yẹn ti lé ní ọdún 50 kí òun tó gbé kálámù, ìlú tí wọ́n sì ti dá a sílẹ̀ kò sí ní Bùlùgáríà rárá. Istanbul ni, níṣojú Sultan, ọba àwọn Tọ́kì, gan-an.

Ẹ̀fẹ̀ fúnra rẹ̀ ti wà kí ìwé ìròyìn tó dé. Àwọn Ottoman, ìyẹn ìjọba àwọn Tọ́kì, gba Tarnovo, olú ìlú Bùlùgáríà ayé ọjọ́un, ní 1393, wọ́n sì jókòó sórí ilẹ̀ náà fún bí ọdún 500. Láàárín àkókò yẹn ni ọkùnrin kan jẹyọ nínú àlọ́: Hitar Petar, Petar ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́. Àgbẹ̀ lásán ni, kò ní ilẹ̀, kò ní ipò, ẹnu nìkan ló ní. Ẹni tó sì sábà máa ń tàn jẹ ni Nastradin Hodja. Ẹ rántí pé lọ́dọ̀ àwọn Tọ́kì, Hodja yìí ni ọlọ́gbọ́n inú ìtàn. Bó ṣe wọ ẹnu àwọn ará Bùlùgáríà báyìí, ó di ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn náà kò lè lé ọ̀gá wọn lọ, wọ́n wá gba akọni inú àlọ́ rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀dẹ̀.

Àwọn kukeri náà tún wà. Ọkùnrin ni wọ́n. Wọn a da awọ ewúrẹ́ tàbí ti àgùntàn bora, wọn a so agogo ńláńlá mọ́ ìdí, wọn a sì máa lọ láti ojúlé dé ojúlé nígbà tí òtútù bá ń parí lọ. Àwọn onímọ̀ kan ní àwọn ará Thrace ìgbàanì ló ni ọdún náà, pé ìyókù ìbọ Dionysus, òrìṣà ọtí wáìnì, ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó gba àfiyèsí mi ni àwọn tó ń tẹ̀lé wọn: ọba ayédèrú, àlùfáà ayédèrú, àti agbowó-orí ayédèrú tó ń bu owó ìtanràn lé òǹwòran lórí. Ẹni tó bá mọ òru Ẹ̀fẹ̀ níbi ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, tí olórin á gbé agọ̀ wọ̀, tí á sì sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ lójú mọmọ, kò ní béèrè ohun tí agbowó-orí ń wá láàárín àwọn kukeri. Ta ló fẹ́ mú ẹni tó da awọ ewúrẹ́ borí lẹ́jọ́? Mo gbà pé àwọn tó ń sanwó orí fún Ottoman ló fi agbowó-orí yẹn kún eré náà, àti pé nígbà tí ìwé títẹ̀ dé, eré ọ̀hún kan náà ni wọ́n gbé sórí ìwé.

Ẹni tó gbé e síbẹ̀ ni Petko Slaveykov. Tarnovo ni wọ́n bí i sí ní 1827. Kò fi bẹ́ẹ̀ rí ilé ìwé lọ, òun ló kọ́ ara rẹ̀ ní púpọ̀ nínú ohun tó mọ̀, ó sì wá di olùkọ́. Ohun tó yẹ ká mọ̀ nípa ayé wọn nígbà náà ni pé àwọn Ottoman kó gbogbo ọmọ ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì sábẹ́ Pátríákì, olórí ìjọ náà, ní ìlú Istanbul, àwọn Gíríìkì ni Pátríákì sì ń fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ìlú àwọn ará Bùlùgáríà. Owó ìjọ ń lọ, èdè wọn kò sì níyì nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Slaveykov ọ̀dọ́ kọ ewì kan tó fi bú àwọn bíṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí, wọ́n sì lé e kúrò ní Tarnovo. Láti ìgbà náà ló ti ń rìn káàkiri, tó ń kọ́ọ̀yàn níwèé, tó sì ń kó òwe jọ láti ẹnu àwọn àgbà. Nígbà tí wọ́n fi tẹ òwe náà jáde níkẹyìn, wọ́n lé ní 15,000. (Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí nítorí èyí nìkan. Ẹni tó gbọ́ òwe tó bẹ́ẹ̀, báwo ni kò ṣe ní mọ ẹ̀fẹ̀ í ṣe?)

Kí ló dé tó jẹ́ Istanbul? Ìlú yẹn kún fún àwọn ará Bùlùgáríà nígbà náà. Àwọn télọ̀ wọn ń rán aṣọ fún àwọn ọmọ ogun Sultan, àwọn oníṣòwò wọn pọ̀ ní Balkapan Han, ilé ìtajà ńlá kan níbẹ̀, wọ́n sì ti ń jọ́sìn ní èdè ara wọn láti 1849 nínú ilé tí Stefan Bogoridi, ọmọ Bùlùgáríà tó jẹ́ ìjòyè lábẹ́ Ottoman, fi ta wọ́n lọ́rẹ létí omi. Nínú ìjọ yẹn ni Bíṣọ́ọ̀bù Ilarion Makariopolski, ọ̀kan nínú ìwọ̀nba bíṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ ọmọ Bùlùgáríà, ti fo orúkọ Pátríákì nínú àdúrà Àjíǹde ọdún 1860. Ìjà ti dé nìyẹn. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1863, Slaveykov tẹ ìwé ìròyìn ẹ̀fẹ̀ àkọ́kọ́ lédè Bùlùgáríà jáde, ó sì sọ ọ́ ní Gayda. Gayda ni fèrè alápò tí wọ́n ń fọn níbi ìgbéyàwó àti ijó lábúlé wọn. Awọ ewúrẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe àpò rẹ̀. Ẹ ò rí i pé awọ àwọn kukeri nìyẹn? Àwọn kan á ní mò ń fipá so ó pọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí.

Gayda jáde títí di 1867. Ewì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, àti ìfọ̀rọ̀wérọ̀ àtọwọ́dá, níbi tí bíṣọ́ọ̀bù àti àwọn ọlọ́rọ̀ tó ń sápamọ́ sábẹ́ aṣọ rẹ̀ ti ń fi ẹnu ara wọn tú àṣírí ara wọn. Ọgbọ́n ńlá ló wà nínú ẹni tí Slaveykov yàn láti bú. Ẹni tó bá bú Sultan ní Istanbul, ẹ̀wọ̀n ló yá. Ṣùgbọ́n bíṣọ́ọ̀bù Gíríìkì ṣeé bú, àwọn aláṣẹ Ottoman kò sì ka ìjà láàárín àwọn onígbàgbọ́ sí ewu. Abẹ́ ìjà yẹn ni àwọn ará Bùlùgáríà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rín bá aláṣẹ jà. Ní 1870, Sultan fọwọ́ sí ìwé àṣẹ tó fún wọn ní ìjọ tiwọn.

Àwọn kan ní ọ̀dọ̀ àwọn Rọ́ṣíà ni wọ́n ti kọ́ ọ, láti inú Iskra, ìwé ìròyìn ẹ̀fẹ̀ ti St. Petersburg. Ọdún 1859 ni Iskra bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti lé Slaveykov nílùú nítorí ewì tipẹ́tipẹ́ kó tó di ìgbà náà. Ọ̀rọ̀ parí.

Àwọn tó ní Bucharest, ní Romania, ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀. Ibẹ̀ ni akéwì Hristo Botev, tó wà nígbèkùn, ti tẹ ìwé ìròyìn ẹ̀fẹ̀ Budilnik jáde ní 1873, ewì rẹ̀ sì gbóná ju ti Slaveykov lọ. Ó sọ nínú ọ̀kan pé olùfẹ́ ìlú máa ń fi ẹ̀mí jìn fún ẹ̀kọ́ àti òmìnira, àmọ́ ẹ̀mí àwọn aráàlú ló ń fi jìn, kì í ṣe tara rẹ̀. Ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà mẹ́ta péré ni Budilnik ní, ọdún mẹ́wàá ni Gayda sì fi ṣáájú rẹ̀.

Òmìnira dé ní 1878, ẹni tí ẹ̀fẹ̀ ń bá wí sì yí padà. Aleko Konstantinov gbé Bay Ganyo jáde ní ìwé ní 1895, ìtàn alágbàtà òróró òdòdó rose tó ń dójú ti ara rẹ̀ káàkiri Yúróòpù. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n yìnbọn pa Aleko lójú ọ̀nà, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ wà nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ni wọ́n sì ń wá. Ní 1904, ayàwòrán Aleksandar Bozhinov àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ìwé ìròyìn ẹ̀fẹ̀ Balgaran sílẹ̀ ní Sofia.

Ibẹ̀ ni Smirnenski bá iṣẹ́ náà. Kukush ni wọ́n bí i sí, ìlú tí ogun 1913 sun, tó sì bọ́ sọ́wọ́ Gíríìsì, ìdílé rẹ̀ sì sá wá sí Sofia. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní parí, wọ́n bu 2,250,000,000 faransi wúrà lé Bùlùgáríà lórí gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn ogun. Sofia kún fún àwọn tó sá ogun àti àwọn tí ogun sọ di olówó. Ewì rẹ̀ nípa wọn dún létí bí orin. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Toma Izmirliev, ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ náà, orúkọ Fra Diavolo ni Toma sì ń lò. Àwọn ológun gbàjọba ní ọjọ́ 9 oṣù kẹfà 1923, Smirnenski sì kú ní ọjọ́ 18. Ní ti akéwì Geo Milev, ikọ́ ẹ̀gbẹ kọ́ ló pa á. Àwọn ọlọ́pàá wá pè é ní oṣù karùn-ún 1925 nítorí ewì, kò sì padà wálé mọ́. Ojú onígíláàsì tó ń lò lẹ́yìn tí ogun bà á lójú jẹ́ ni wọ́n fi dá egungun rẹ̀ mọ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìyókù kò pẹ́ sọ. Lábẹ́ ìjọba kọ́múníìsì, Sasho Sladura, ataviolin tó ń dá àwọn oníbàárà ilé oúnjẹ ní Sofia lẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwàdà nípa ìjọba, kú sí àgọ́ ìfìyàjẹni Lovech ní 1961. Ní 1968, wọ́n kó ìwé ewì Radoy Ralin kúrò nílẹ̀ nítorí pé ìrù ẹlẹ́dẹ̀ inú àwòrán rẹ̀ jọ ìfọwọ́sí Todor Zhivkov, olórí ìjọba náà. Ní 1972, ìlú Gabrovo ṣí Ilé Ẹ̀fẹ̀ àti Yẹ̀yẹ́, àwọn ará ibẹ̀ sì ń fọ́nnu pé ìlú àwọn ni orírun ẹ̀rín Bùlùgáríà. Ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n mọ̀ jù ni pé wọ́n ń gé ìrù ológbò wọn kí ilẹ̀kùn lè tètè padé nígbà òtútù, kí iná ààrò má baà ṣòfò. Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Àmọ́ mi ò rí bíṣọ́ọ̀bù kankan nínú rẹ̀.