Ibi Tí Ìtọ́jú Ọkàn Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Fáwọn Ọmọ Yunifásítì Ti Ṣẹ̀

Ẹ bi ọ̀pọ̀ èèyàn pé ta ló bẹ̀rẹ̀ nǹkan tí wọ́n ń ṣe fáwọn ọmọ yunifásítì báyìí, pé kí ẹni tí ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀ máa ka ẹ̀kọ́ lórí fóònù, kó máa ṣe iṣẹ́ kékeré kékeré tí wọ́n bá gbé fún un lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, kí ẹnì kan sì wà níbìkan tó ń ka ohun tó kọ, tó ń fèsì, wọ́n á ní àwọn oníáàpù California ni. Kì í ṣe àwọn o. Nǹkan yìí ti rìn jìnnà kí wọ́n tó gbé e sórí fóònù, ó ti gba ìlú Ithaca ní Amẹ́ríkà kọjá, ó ti dé Amsterdam, àwọn ọmọ yunifásítì gan-an ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Èmi ní tèmi, mo gbà pé ìdí lẹ́tà ni gbogbo ẹ̀ ti ṣẹ̀: ọmọ kan kọ ohun tó ń dùn ún sílẹ̀, àgbà kan kà á, ó sì dá a lóhùn. Àfikún ni ìyókù.

Àwọn kan á ní ká lọ wo ELIZA, ètò kọ̀ǹpútà tí Joseph Weizenbaum kọ ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà láàárín 1964 sí 1966, tó máa ń yí ọ̀rọ̀ èèyàn padà sí ìbéèrè bíi ti dókítà ọpọlọ. Weizenbaum fúnra ẹ̀ ò ṣe é láti fi wo ẹnikẹ́ni sàn, ẹ̀rù tiẹ̀ bà á nígbà tó rí báwọn èèyàn ṣe ń tú ọkàn wọn jáde fún un, ó sì kìlọ̀ nípa ẹ̀ títí. Ẹni tó ní òun kọ́ ni bàbá ọmọ, ẹ má fi tipátipá gbé ọmọ lé e lọ́wọ́.

Ká tó dé ìdí kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ ká wo ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbà pé ọ̀rọ̀ ọkàn ọmọ ilé-ìwé nílò ìtọ́jú tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ní Amẹ́ríkà, Princeton ni wọ́n máa ń dárúkọ, pé 1910 ni wọ́n dá ètò sílẹ̀ níbẹ̀ lábẹ́ dókítà kan tó ń jẹ́ Stewart Paton. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Abẹ́òkúta ló yẹ ká dúró sí jù, torí ibẹ̀ ni ẹnì kan ti jókòó gbọ́ ohun táwọn ọmọ ilé-ìwé ń sọ lẹ́nu ara wọn, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Lápá ìparí àwọn ọdún 1950, Raymond Prince, dókítà ọpọlọ tó wá láti Kánádà, ń ṣiṣẹ́ ní Aró, ó wá rí i pé ẹ̀dùn àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń wọlé wá jọra wọn jù: orí ń gbóná, ó ń ṣe wọ́n bíi pé nǹkan ń rìn lórí wọn, ojú ń ṣe bàìbàì tí wọ́n bá ti ṣíwèé, wọ́n á ka ojú ìwé kan látòkè délẹ̀ kò sì ní sí ohun tó wọlé nínú ẹ̀. Brain fag làwọn ọmọ náà ń pè é, 1960 ni Prince gbé ọ̀rọ̀ náà jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn dókítà ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ti ẹsẹ̀ bọ omi tútù lóru kí oorun má bàa gbé yín lọ nígbà ìdánwò, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn òbí wa náà mọ̀ ọ́n, wọ́n á ní ìwé ti dà á lórí rú, ẹbí tó ta ilẹ̀ láti rán ọmọ kan lọ síléèwé ń retí èsì, ọmọ náà sì mọ̀ pé wọ́n ń retí.

Níbi kan náà yẹn ni Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta gidi, ti bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ẹ̀ ní 1954. Dípò kó kó àwọn aláìsàn pamọ́ sínú yàrá, ó ní kí àwọn àgbẹ̀ abúlé tó wà nítòsí gbà wọ́n sílé, kí ará ilé aláìsàn kan bá a wá, kí wọ́n jọ máa gbé, kí aláìsàn wá rí dókítà lọ́sàn-án kó sì padà sábúlé lálẹ́, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú. Ohun tí Lambo fi han ayé ni pé dókítà ò ní láti dúró lé èèyàn lórí tọ̀sán tòru, ẹni tó wà nítòsí tó mọ ohun tó yẹ kó ṣe lè gbé púpọ̀ nínú ẹrù náà. Orí ìyẹn gan-an ni ìtọ́jú orí íntánẹ́ẹ̀tì dúró lé lónìí. Kò sí okùn tààrà láti Aró sí Ithaca, èmi náà mọ̀, àmọ́ ẹ rántí pé Lambo yìí náà ló di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé, WHO, láti 1973 títí di 1988, ẹ̀ ń bọ̀ wá rí WHO nínú ìtàn yìí níwájú.

Ó yá, Ithaca. Oṣù kẹsàn-án 1986, Yunifásítì Cornell, ní ìpínlẹ̀ New York. Wọ́n ti ní ètò kọ̀ǹpútà kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ CUinfo, tí ọmọ ilé-ìwé lè jókòó sídìí ẹ̀rọ nínú ọgbà kó fi wo ìkéde. Jerry Feist tó wà nídìí ìtọ́jú ọkàn àwọn ọmọ ilé-ìwé àti Steve Worona tó wà nídìí kọ̀ǹpútà wá fi ibì kan kún un tí wọ́n pè ní Dear Uncle Ezra. Ọmọ á jókòó, á tẹ ìṣòro ẹ̀ síbẹ̀ láìfi orúkọ sí i, bóyá ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó fọ́, bóyá ìdánwò, bóyá ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, bóyá ayé ló ti sú u pátápátá. Uncle Ezra á fèsì, èsì yẹn á sì wà níbi tí gbogbo èèyàn ti lè kà á. 1986 la wí yìí o, wẹ́ẹ̀bù tí gbogbo wa mọ̀ lónìí ò tíì sí, 1991 ló tó jáde sójú ayé.

Ẹ wo orúkọ náà dáadáa. Ezra Cornell ni wọ́n fi sọ ọ́, ẹni tó dá yunifásítì náà sílẹ̀ ní 1865, tó sì ti kú láti 1874. Wọn ò pè é ní Dókítà Ezra, wọn ò pè é ní Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó sì yé èmi dáadáa, torí nílẹ̀ wa, ọmọ tí ọ̀rọ̀ bá ká mọ́ ò ní kọ́kọ́ lọ bá bàbá ẹ̀, àbúrò bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n màmá ló máa lọ bá, ìyẹn á mọ bó ṣe máa gbé e kalẹ̀ fáwọn àgbà nílé. Ẹni tí kì í ṣe ẹbí rárá pàápàá, tó bá ti jù ẹ́ lọ, bọ̀ọ̀dá ni tàbí àǹtí, ọ̀nà ọ̀rọ̀ ti là nìyẹn. Ó dá mi lójú pé ohun táwọn ọmọ Cornell ń wá nìyẹn, àgbà tí kì í ṣe òbí, tí kì í ṣe tíṣà, tí ò ní bínú, tí ò sì ní mọ ojú wọn. Ó sì jọ pé ẹni tó ń kà láìbéèrè pọ̀ ju ẹni tó ń béèrè lọ, ọmọ tí ojú ń tì á rí èsì ìṣòro tiẹ̀ nínú lẹ́tà ẹlòmíì. Nígbà tó di 1993, Columbia náà gbé tiwọn dìde, Go Ask Alice!, tó ṣì wà títí dòní.

Lọ́dún 1986 yẹn kan náà, James Pennebaker àti Sandra Beall gbé iṣẹ́ ìwádìí kan jáde láti Yunifásítì Southern Methodist ní Dallas. Wọ́n ní káwọn ọmọ yunifásítì wọlé, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n fi ìṣẹ́jú 15 kọ nípa ohun tó burú jù tó ṣẹlẹ̀ sí wọn láyé, ọjọ́ mẹ́rin léra, láìṣọ́ sípẹ́lì tàbí gírámà. Inú àwọn kan bà jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́, àmọ́ nínú oṣù mẹ́fà tó tẹ̀ lé e, àwọn tó kọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà pẹ̀lú bó ṣe rí lára wọn dín ìlọ sí ọsibítù ilé-ìwé kù ju àwọn yòókù lọ. Ọdún kan náà, ibì kan ń dáhùn lẹ́tà, ibì kan ń wádìí ohun tí kíkọ lẹ́tà ń ṣe fún ara. Ẹ̀mí ìgbà yẹn ló ń darí àwọn méjèèjì, bí mo ṣe rò ó nìyẹn.

Amsterdam ló wá so wọ́n pọ̀. Alfred Lange àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní yunifásítì ìlú náà dá ìtọ́jú orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n pè ní Interapy sílẹ̀, àwọn ọmọ yunifásítì tí nǹkan burúkú ti ṣẹlẹ̀ sí ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò, wọ́n ń gba máàkì fún un bí apá kan ẹ̀kọ́ wọn, èsì sì jáde ní 2000 àti 2001. Bó ṣe ń lọ rèé: ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 45 lẹ́ẹ̀kan, ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Lákọ̀ọ́kọ́, ọmọ náà á kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bí ẹni tó ṣì wà lójú ẹ̀, ohun tó rí, òórùn tó gbọ́, èrò tó kọjá lọ́kàn ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á ní kó kọ̀wé ìmọ̀ràn sí ọ̀rẹ́ kan tí irú nǹkan yẹn ṣẹlẹ̀ sí, èyí sì máa ń ṣòroó kọ láìgba ara ẹni nímọ̀ràn. Níkẹyìn, á kọ lẹ́tà ìdágbére. Olùtọ́jú á máa ka gbogbo ẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, á máa fèsì, wọn ò ní fojú kan ara wọn rárá. Ara àwọn ọmọ yẹn yá ju ti àwọn tó ṣì ń dúró de ìtọ́jú lọ dáadáa.

Àwọn ará Sweden náà á ní àwọn ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, Gerhard Andersson àti Per Carlbring láti Uppsala, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe lóòótọ́, àmọ́ orí fífọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú ní 2000, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ yunifásítì. Australia gbé MoodGYM, ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì fún ìrẹ̀wẹ̀sì, jáde láti Canberra ní 2001, ọ̀fẹ́ ni nígbà yẹn, ó dáa, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó wọlé ni ò sì parí ẹ̀. Stanford wà ní California, òótọ́ ni, àmọ́ C. Barr Taylor àti Andrew Winzelberg kì í ṣe oníáàpù, láti àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń ṣe Student Bodies fáwọn ọmọbìnrin yunifásítì tí ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ìwọ̀n ara ń dà láàmú, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, pẹ̀lú ẹni tó ń darí ìjíròrò wọn.

Láti ibẹ̀ ó yára. Pim Cuijpers kó ìwádìí 21 jọ ní 2010, èèyàn 810, ó rí i pé ìtọ́jú ara ẹni tó ní afọ̀nàhàn, ìyẹn ẹni tó ń tọ́ èèyàn sọ́nà láti ọ̀nà jíjìn, ò yàtọ̀ sí ti ojúkojú fún ìrẹ̀wẹ̀sì àti àníyàn. SilverCloud, ètò ìtọ́jú orí íntánẹ́ẹ̀tì míì, jáde ní Dublin ní 2012, lẹ́yìn tí Derek Richards ti fi àwọn ọmọ yunifásítì Trinity níbẹ̀ dán irú ẹ̀ wò. Ní Florida, Sherry Benton dá irú ètò bẹ́ẹ̀ tó ń jẹ́ TAO sílẹ̀ torí àwọn ọmọ tó ń dúró de kánsẹ́lọ̀ ti pọ̀ jù. Áàpù Woebot dé ní 2017, wọ́n fi ọmọ yunifásítì 70 dán an wò fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀rọ lásán ló ń fèsì, wọ́n sì ti pa áàpù náà tì ní 2025.

WHO rèé o: ìwádìí tó wà lábẹ́ orúkọ ẹ̀ tó jáde ní 2018 bi ọmọ ọdún kìíní 13,984 léèrè ní yunifásítì 19, orílẹ̀-èdè 8, ó sì lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta wọn tí àìsàn ọpọlọ kan ti ṣe rí. Corina Benjet àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tẹ̀ lé e pẹ̀lú àwọn ọmọ yunifásítì 1,319 ní Colombia àti Mexico, èsì jáde ní 2023. Ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kan náà ni wọ́n fún àwọn kan pẹ̀lú afọ̀nàhàn, àwọn kan láìsí, àwọn yòókù gba ìtọ́jú ilé-ìwé wọn, ara àwọn tó ní afọ̀nàhàn ló yá jù.

Nílé, ẹgbẹ́ MANI (Mentally Aware Nigeria Initiative) ti wà láti 2016, àwọn ọ̀dọ́ tó yọ̀ǹda ara wọn ń gbọ́ èèyàn lórí fóònù àti lórí ayélujára, òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023 sì ti gba ipò òfin ayé òyìnbó amúnisìn. Afọ̀nàhàn wà nílẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni mo fẹ́ kẹ́nì kan jókòó kọ lédè Yorùbá, kí àwọn ọmọ Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Abẹ́òkúta sì ni wọ́n kọ́kọ́ fún.