Final gravity: báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé bíà tó pọn nílé ti hó tán?

Àwọn èèyàn wa tó wà ní UK tí wọ́n ń ra kíìtì mọ́ọ̀tì inú agolo (omi ọkà dídùn tó ki), tí wọ́n ń fi pọn bíà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 23, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń béèrè tó bá ti tó bí ọjọ́ karùn-ún: airlock, ìyẹn ike orí ìdérí tí gáàsì ń gbà jáde, ò dún gúlú gúlú mọ́, ìfófòó orí ẹ̀ ti wálẹ̀, páálí kíìtì náà sì ní ọjọ́ díẹ̀ ti tó, ṣé kí n máa rọ ọ́ sígò ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rọ nǹkan kan. Airlock ò mọ̀. Hydrometer, ohun tá a fi ń wọn bí omi ṣe ki tó, ló mọ̀, nọ́ńbà tó sì máa fi hàn yín pé iṣẹ́ ti parí ni wọ́n ń pè ní final gravity, FG lẹ́nu àwọn tó ń pọntí.

Omi lásán, 1.000 ni hydrometer máa kà fún un. Tẹ́ ẹ bá yọ́ ṣúgà sínú omi yẹn, omi á ki, á wúwo sí i, hydrometer á sì léfòó sókè díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí kò ju gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n di nǹkan wúwo sí nídìí kó lè dúró lóòró, ibi tójú omi bá gé e dé lẹ máa ka nọ́ńbà. Omi mọ́ọ̀tì tí yíìsì ò tíì fọwọ́ kàn lè wà ní 1.048, èyí ni original gravity, OG. Yíìsì á wá máa jẹ ṣúgà inú ẹ̀, á máa sọ ọ́ di áákóhọ́ọ̀lù àti gáàsì, ṣúgà ń dín kù, áákóhọ́ọ̀lù tó fúyẹ́ ju omi lọ ń pọ̀ sí i, nọ́ńbà á máa já wálẹ̀ títí tó fi máa dúró síbì kan, bóyá 1.012. Ibẹ̀ ni FG. Bíà tó dé 1.000 ò wọ́pọ̀, torí àwọn ṣúgà kan wà nínú mọ́ọ̀tì tí ọ̀pọ̀ yíìsì ò lè jẹ. Ẹ yọ FG kúrò nínú OG, ẹ fi 131 sọ ọ́ dọ̀pọ̀, ẹ ti mọ bọ́tí yín ṣe le tó nìyẹn: ti 1.048 sí 1.012 máa fún yín ní bíi 4.7%.

Kí ló dé tí mi ò fi gba airlock gbọ́? Tí ìdérí bọ́kẹ́ẹ̀tì ò bá dé dáadáa, gáàsì á máa gba ẹ̀gbẹ́ jáde, airlock ò sì ní mira rárá nígbà tí yíìsì ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé wọ́n sanwó fún un. Bẹ́ẹ̀ ló tún jẹ́ pé bíà tó ti hó tán pátápátá, tí yàrá bá kàn móoru sí i, gáàsì tó ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ á máa jáde, airlock á tún máa dún. Tòtútù ló wá burú jù, ẹ pa heater lóru nínú oṣù kìíní, yíìsì sùn lọ, gbogbo nǹkan dákẹ́, ẹ rò pé ó ti tán. Kò tán o, òtútù ló mú un.

Bẹ́ ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n rèé. Ẹ fi nǹkan tẹ́ ẹ ti fi apakòkòrò fọ̀ bu díẹ̀ jáde, ẹ dà á láti ife kan sí òmíràn lẹ́ẹ̀mélòó kan kí gáàsì jáde, torí gáàsì máa ń lẹ̀ mọ́ hydrometer á sì gbé e sókè, nọ́ńbà irọ́ lẹ máa kà. Ẹ yí i po díẹ̀ kó tó dúró. Ẹ wo ara hydrometer yín, èyí tó pọ̀ jù ní UK, ohun tó bá wà ní 20°C ni wọ́n ṣe é láti wọ̀n. Ẹ má da èyí tẹ́ ẹ bù padà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ tọ́ ọ wò, ẹ mu ún tó bá wù yín. Lẹ́yìn ọjọ́ 2 tàbí 3 ẹ tún wọ̀n ọ́n. Tí nọ́ńbà méjèèjì bá bára mu, ó ṣeé ṣe kó ti tán.

Mo ní ó ṣeé ṣe, torí bíà lè há. Àwọn kíìtì kan fẹ́ràn kí wọ́n há sí 1.020, ẹ máa wọ̀n ọ́n lónìí, ẹ wọ̀n ọ́n lọ́túnla, nọ́ńbà kan náà, bẹ́ẹ̀ ṣúgà ṣì kù tí yíìsì lè jẹ. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ ti mọ ibi tẹ́ ẹ ń retí kó balẹ̀ sí. Ẹ wo attenuation tó wà fún yíìsì yín, ìyẹn ìdá tí nọ́ńbà ẹ̀ máa já wálẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún: tó bá jẹ́ 75%, 48 tó wà lẹ́yìn 1.000 yẹn, ìdá mẹ́rin ẹ̀ kan ló máa kù, ìyẹn 12, ìyẹn 1.012. Tí tiyín bá dúró sí 1.020, ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ síbi tó móoru, bíi 21°C, ẹ rọra mì ín kí yíìsì ìsàlẹ̀ dìde, ṣùgbọ́n kó má ta pàrà o. Àmọ́ milk stout, ìyẹn bíà dúdú tí wọ́n fi lactose (ṣúgà inú wàrà) sí, yàtọ̀, lactose yẹn ni yíìsì ò jẹ, òun lè parí sí 1.020 lóòótọ́. Yíìsì tí wọ́n fi ń pọn saison, irú bíà Belgium kan, ní tiẹ̀, àwọn kan wà tó lè jẹ ẹ́ dé 1.002.

Gbogbo wàhálà yìí, torí ìgò ni. Ẹni tó bá ti rí ẹmu tí wọ́n dé pinpin nínú ìgò tó sì bú gbàmù á mọ nǹkan tí mò ń sọ. Ṣúgà tá a máa ń fi sí bíà ká tó dé e máa ń tó bíi gíráàmù 6 sí lítà kan, òun ló ń fún un ní gáàsì. Tó bá ṣì ku 0.004 péré kó dé FG nígbà tẹ́ ẹ rọ ọ́, ṣúgà tó lé ní gíráàmù 8 lẹ ti fi kún un nínú lítà kọ̀ọ̀kan láìmọ̀, ó ti lé ní ìlọ́po méjì, gíláàsì ò sì ní kìlọ̀ fún yín kó tó fọ́.

Tó bá ti wá balẹ̀ síbi tó yẹ, èmi máa ń fi sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ sí i, yíìsì á fi ìyẹn gbá ilé ara ẹ̀ mọ́, òórùn bọ́tà tó máa ń wà lára bíà tuntun á sì lọ. Lẹ́yìn náà ẹ rọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ fi ike Coke tẹ́ ẹ ti fọ̀ dáadáa gba ẹyọ kan láàárín àwọn ìgò yẹn. Ike yẹn lẹ ó máa fọwọ́ tẹ̀ wò, tó bá ti le gbagidi, gáàsì ti wọ àwọn tó kù náà, ẹ kó wọn sí fíríìjì.