Ohun tó ń sọ àtẹ̀jíṣẹ́ kan di mẹ́ta: bí bulk SMS ṣe ń ṣiṣẹ́ fún oníṣòwò tó ń kọ Yorùbá

Bulk SMS ni kéèyàn fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ oníbàárà lẹ́ẹ̀kan náà. Báìtì (ìwọ̀n tí ẹ̀rọ fi ń ka ìsọfúnni) 140 péré ni àyè tó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan, yálà fóònù olówó gọbọi ló máa gbà á tàbí fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì. Irú lẹ́tà tí oníṣòwò bá tẹ̀ ló ń pinnu iye tó máa wọ inú àyè yẹn, òun náà ló sì ń pinnu iye owó tó máa jáde lápò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi Yorùbá polówó ọjà ni owó ń bọ́ lọ́wọ́ wọn níbí láìfura.

Ọ̀nà méjì ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbà ka lẹ́tà. Èkíní ni GSM-7, tábìlì lẹ́tà kékeré kan tó jẹ́ pé èdè àwọn ará Yúróòpù ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀. Tí gbogbo ohun tí a tẹ̀ bá wà nínú tábìlì yìí, 160 ló máa wọ péèjì kan, ìyẹn àyè báìtì 140 kan tí wọ́n ń gba owó lé lórí. Tí ẹyọ kan ṣoṣo bá wà níbẹ̀ tí kò sí nínú tábìlì, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà látòkèdélẹ̀ á bọ́ sí ọ̀nà kejì, UCS-2, níbi tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ti ń gba báìtì méjì. Péèjì kan ò ní gbà ju 70 lọ mọ́.

Nínú lẹ́tà kékeré Yorùbá tó ní àmì, à, è, é, ì, ò àti ù wà nínú tábìlì GSM-7. Á, í, ó àti ú ò sí níbẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ náà ò sí níbẹ̀. Ká tilẹ̀ ní àmì ìsàlẹ̀ nìkan lèèyàn lò, tí kò fi àmì ohùn kankan sí i, 70 náà ló máa bá ara rẹ̀. Àmì náírà (₦) ò sí nínú tábìlì, torí náà N5,000 ló dáa kéèyàn kọ tí kò bá fẹ́ kí péèjì rẹ̀ dín kù. Àmì ẹnu ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ kọ́rọkọ̀rọ (“ ”) tí Microsoft Word máa ń fi síbẹ̀ fúnra rẹ̀ ń dá wàhálà kan náà sílẹ̀, emoji náà ò sì gbẹ́yìn: ó kéré tán, méjì ni ẹ̀rọ ń ka ọ̀pọ̀ nínú wọn sí.

Ọ̀rọ̀ náà ò tán síbẹ̀. Ẹ̀rọ ní ẹyọ kan fún ẹ, ó ní ẹyọ kan fún ú, àmọ́ kò ní ẹyọ kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀. Á ka ẹ, á tún wá ka àmì orí rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ wo gbólóhùn yìí: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Tí a bá ka àlàfo àti àmì ìdánudúró mọ́ ọn, 14 lojú rí. Ẹ̀rọ ka 16. Tó bá jẹ́ kíbọ́ọ̀dù tó ń ya àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn sọ́tọ̀ kúrò lára lẹ́tà ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ á ka 21, bẹ́ẹ̀ ojú ò ní rí ìyàtọ̀ kankan. Àtúnṣe tó wà fún èyí ni NFC: ó ń da gbogbo lẹ́tà àti àmì tó bá ṣeé dà pọ̀ pọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó lọ. Ẹni tó bá ń bá yín kọ ètò kọ̀ǹpútà yẹ kó fi sí i.

Tí ọ̀rọ̀ bá ju péèjì kan lọ, wọ́n á gé e, báìtì mẹ́fà nínú péèjì kọ̀ọ̀kan á sì lọ sí àmì tí fóònù fi ń mọ èyí tó ṣáájú. Péèjì á wá sọ̀ kalẹ̀ láti 160 sí 153, tàbí láti 70 sí 67. Oníbàárà á rí i bí ẹyọ kan ṣoṣo. Ká ní ọ̀rọ̀ kan jẹ́ 150 láìsí àmì, péèjì kan ni. Tí àmì bá sọ ọ́ di 175, péèjì mẹ́ta ni. Fún oníbàárà 2,000, tí péèjì bá jẹ́ náírà márùn-ún, N10,000 ti di N30,000 nìyẹn.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń gba oníṣòwò nímọ̀ràn pé kó yọ gbogbo àmì kúrò. Kì í ṣe ibi gbogbo ló ti bójú mu. “Oja yin ti de, e wa gbe e lola” yé ẹnikẹ́ni tó bá ń retí ọjà. Àmọ́ ìkìlọ̀ nípa lílo oògùn tàbí àdéhùn owó yẹ kó ní àmì rẹ̀ pé, kéèyàn sì gé e kúrú títí tó fi máa wọ inú 70. Nínú àwọn ìkànnì tó ń báni fi bulk SMS ránṣẹ́, ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn kan tó jẹ́ pé dípò kí wọ́n bọ́ sí UCS-2, ṣe ni wọ́n ń fi àmì ìbéèrè rọ́pò gbogbo lẹ́tà tí wọn ò mọ̀.

Orúkọ tó máa hàn lórí fóònù oníbàárà ò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 11 lọ, àlàfo wà nínú rẹ̀. Ní Nàìjíríà, ẹ ní láti fi orúkọ sílẹ̀ kí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó gbà á, torí náà ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ ọdún kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún 2016, NCC, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, pàṣẹ fún àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì pé kí wọ́n ṣí 2442 sílẹ̀, kí ẹni tí kò bá fẹ́ ìpolówó lè fi STOP ránṣẹ́ síbẹ̀. Ìpolówó ò ní dé orí nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà mìíràn wà tó ń kọjá, àmọ́ tìtorí kóòdù ìwọlé àti ìsọfúnni báńkì ni wọ́n ṣe là á. Ẹni tó bá ń fi í polówó ń wá kí wọ́n ti orúkọ rẹ̀ pa. Kẹ́ ẹ tó ra kírẹ́díìtì, ẹ béèrè bóyá wọ́n máa ń yọ owó lórí nọ́ńbà tó wà lábẹ́ 2442.

Nínú ìròyìn tí ìkànnì ń fún yín lẹ́yìn tí ẹ bá ti ránṣẹ́, “Sent” túmọ̀ sí pé ó ti gbé ọ̀rọ̀ lé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́wọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. DELIVRD ló ń fi hàn pé fóònù gbà á. EXPIRED ni ti fóònù tó wà ní pípa títí àkókò fi kọjá. Tí EXPIRED bá pọ̀, ọ̀pọ̀ nọ́ńbà yẹn ti kú, ẹ yọ wọ́n.

Excel náà máa ń ba nǹkan jẹ́. Ó ń gé òdo iwájú 0803 dànù, ó sì ń sọ nọ́ńbà tó fi 234 bẹ̀rẹ̀ di 2.34803E+12. Tí ẹ bá ti fi pa mọ́ sí CSV (fáìlì tó ní ọ̀rọ̀ lásán nínú) bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà ti sọnù. Ẹ kọ́kọ́ yí òpó náà sí Text kẹ́ ẹ tó lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn.