Bí banjar ṣe ń so àwọn ará àdúgbò pọ̀ ní Bálì

Ní erékùṣù Bálì, ní orílẹ̀-èdè Indonéṣíà, ìgbéyàwó ló ń sọ èèyàn di ọmọ ẹgbẹ́ àdúgbò tí wọ́n ń pè ní banjar. Tọkọtaya ni wọ́n ń kà, torí iṣẹ́ ọkùnrin wà, iṣẹ́ obìnrin wà. Àwọn tí kò tíì gbéyàwó ní ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tiwọn. Àwọn ló ń mọ ogoh-ogoh, ère iwin gàgàrà tí wọ́n ń gbé kiri ìgboro lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Nyepi, ọjọ́ tí gbogbo erékùṣù ń dákẹ́ rọ́rọ́.

Banjar kọ̀ọ̀kan ní gbọ̀ngàn ìpàdé tirẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń so kulkul kọ́ sí, igi tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi kùmọ̀ lù. Tí ìlù náà bá rọra ń dún, ìpàdé tàbí iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ ni. Tó bá ń sáré kíkankíkan, nǹkan ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ banjar ń pàdé ní ọjọ́ 35 síra wọn, torí bẹ́ẹ̀ ni oṣù ṣe ń gùn lórí kàlẹ́ńdà ìbílẹ̀ wọn. Kelian, olórí tí wọ́n fúnra wọn yàn, kì í pàṣẹ. Wọ́n á máa sọ ọ́ títí ẹnu á fi kò. Ẹni tó bá pa ìpàdé jẹ láìsí ìdí á san owó ìtanràn.

Ọ̀rọ̀ òkú ni èèyàn ti ń rí iṣẹ́ banjar dáadáa. Bí ẹnì kan bá kú, àwọn obìnrin á gbé ìrẹsì, ṣúgà àti kọfí wá, wọ́n á jókòó máa fi màrìwò àgbọn hun ohun ìrúbọ. Àwọn ọkùnrin á máa la ọparun. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ọkùnrin náà (àní, àwọn gan-an ló ń se oúnjẹ ayẹyẹ) á ti wà nídìí pákó, wọ́n á máa gé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wẹ́wẹ́, wọ́n á pò ó mọ́ àgbọn rírẹ́ àti èròjà títí á fi di lawar. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa sun òkú, wọ́n á gbé bade, ilé gogoro tí wọ́n fi ọparun àti bébà ṣe, lé èjìká, wọ́n á sì máa fi yípo ní oríta kí ẹ̀mí olóògbé má bàa mọ ọ̀nà ilé mọ́. Owó kékeré kọ́ ni ètò yìí ń ná èèyàn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ẹbí fi ń sin òkú wọn ná, títí dìgbà tí àdúgbò máa sun ọ̀pọ̀ òkú pa pọ̀, kí ìnáwó lè pín.

Ẹ má pè é ní àánú o. Òfin tí wọ́n ń pè ní awig-awig ló dè é. Ẹni tó bá ń kọ etí dídi sí iṣẹ́ léraléra, wọ́n lè ṣe kasepekang fún un: wọn ò ní bá a sọ̀rọ̀, wọn ò ní ràn án lọ́wọ́, àyè itẹ́ òkú pàápàá lè dí mọ́ ọn tí òkú bá kú nílé rẹ̀. Ohun tó ń mú kí wọ́n tètè dìde tí kulkul bá dún nìyẹn.

Omi oko ìrẹsì kò sí lábẹ́ banjar. Subak ló ń mójú tó ìyẹn, ètò tí UNESCO fi sára ogún àgbáyé ní 2012. Ẹni tó ń gbé banjar kan lè wà nínú subak méjì, bí oko rẹ̀ bá ṣe wà.

Iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì àti ti ọ́fíìsì kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn ráyè wá lọ́sàn-án mọ́. Àwọn banjar kan ti wá ń gba owó dípò iṣẹ́ ọwọ́, ìpàdé ló sì ń pinnu iye tí wọ́n máa san.