Wáṣà Síkúrù Ilé Gíá: Dídè Le Kọ́ Ló Ń Dá Omi Dúró

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń lo ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ ojú omi pé kí ni wọ́n ń ṣe sí wáṣà kékeré tó wà lára síkúrù tí wọ́n fi ń da ọ́ìlì gíá nù, ohun tí ẹ máa gbọ́ jù ni pé: "Kò sóhun tó ṣe é. A nù ún, a dá a padà. Tó bá ń jò, a á dè é kó le sí i." Ó dùn ún gbọ́, òun náà ló sì ń kó omi wọnú gíá.

Ilé gíá ni apá ìsàlẹ̀ tó máa ń rì sómi, níbi tí àwọn gíá tó ń yí pírópélà wà. Ihò méjì ló sábà máa ń ní fún ọ́ìlì: ọ̀kan nísàlẹ̀ tí ọ́ìlì ń gbà wọlé tó sì ń gbà jáde, ọ̀kan lókè tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Síkúrù ló dí ihò kọ̀ọ̀kan, àmọ́ tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ìyẹn ilà tó lọ́ yí ara rẹ̀ ká, kọ́ ló ń dá omi dúró. Bó ti wù kí síkúrù wọlé tó, àyè tóóró kan á ṣì wà láàárín tírẹ́ẹ̀dì àti ara ihò, á máa lọ́ yíká bí tírẹ́ẹ̀dì ṣe lọ́, omi á sì tọ ibẹ̀ wọlé. Wáṣà tó wà lábẹ́ orí síkúrù ló ń dí i. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó rọ̀ ju irin méjèèjì tó há a mọ́ àárín lọ, kó lè tẹ̀, kó sì dí gbogbo ibi tó họ tí ojú ò tètè rí.

Títẹ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ló ń ṣe é dáadáa. Ẹ mú wáṣà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, ẹ nù ún kó gbẹ, kí ẹ wá fi èékánná ha ojú rẹ̀ látinú síta. Èékánná á kọsẹ̀ níbì kan. Ibẹ̀ ni etí orí síkúrù ti tẹ òǹtẹ̀ sí i. Tí ẹ bá dá a padà, òǹtẹ̀ yẹn kò ní bọ́ sójú ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ara wáṣà náà á sì ti le débi pé kò ní fẹ́ tẹ̀ mọ́. Ojú tó ní "ó ṣì dára" kò purọ́. Èékánná ló kàn mọ ohun tí ojú ò mọ̀.

Ní ti pé kí á dè é kó le sí i, ilé gíá fúnra rẹ̀ àlùmíníọ̀mù ni, ó sì rọ̀ ju síkúrù irin lọ dáadáa. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, agbára tí ìwé wọn ní kí á fi dè é kò tó Nm 10 (Nm ni wọ́n fi ń wọn agbára tí a fi ń de síkúrù). Ẹni tó bá gbé sípánà gígùn sí i, tó wá fi gbogbo ara tì í, tírẹ́ẹ̀dì inú ihò ló máa pa. Tírẹ́ẹ̀dì tó bá ti kú di iṣẹ́ ẹni tó ń gbẹ́ irin, nígbà tó jẹ́ pé wáṣà wà lára ohun tó pọ́ọ́kú jù lórí ẹ́ńjìnnì náà.

Àwọn kan á ní, "Ṣé ẹ rí i pé ọ́ìlì ń kán? Tí ọ́ìlì ò bá jáde, báwo ni omi ṣe máa wọlé?" Ìbéèrè yìí ló ń tan èèyàn jẹ jù. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ọ́ìlì àti afẹ́fẹ́ inú ilé gíá á gbóná, wọ́n á sì fẹ̀. Ẹ wá pa ẹ́ńjìnnì, ilé gíá ṣì wà nínú omi tútù, ohun tó fẹ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì. Bó ṣe ń súnkì ló ń fa nǹkan wọlé, omi ló sì yí i ká. Ẹ́ńjìnnì tí kò kán ẹ̀kán ọ́ìlì kan sílẹ̀ lórí ìdúró rẹ̀ lè máa mu omi díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gúnlẹ̀.

Tó bá wá kan yíyan èyí tó yẹ, orí síkúrù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Èyí tí wọ́n gbẹ́ kòtò sí lábẹ́ orí rẹ̀, O-ring, ìyẹn rọ́bà tó rí bí òrùka, ló ń lò. Èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ, wáṣà pẹlẹbẹ ni. Ọ̀kan ò lè dípò èkejì. Ẹ fi ọdún àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì béèrè, torí orúkọ kan náà lè yí wáṣà padà láti ọdún kan sí òmíràn. Èyí tó bá nípọn jù á gbé síkúrù sókè, tírẹ́ẹ̀dì díẹ̀ ló máa dì mú. Rọ́bà lásán á wú nínú ọ́ìlì, rọ́bà tó ń fara da ọ́ìlì ni kí ẹ rà. Wáṣà bàbà tí wọ́n yọ lára ẹ́ńjìnnì mọ́tò ni mo kórìíra jù: bàbà àti àlùmíníọ̀mù kì í gbé pọ̀ nínú omi iyọ̀, àlùmíníọ̀mù ló máa ń jẹrà. Ti gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi kún un, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tó bá já nínú rẹ̀ á bọ́ sínú ọ́ìlì.

Méjì ni kí ẹ rà, torí síkúrù òkè náà ní tirẹ̀, òun ni wọ́n sì máa ń gbàgbé. Kí ẹ tó fi tuntun sí i, ẹ wo ẹnu ihò dáadáa. Wáṣà àtijọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, á dúdú bí ara ilé gíá, ẹni tí kò bá yọ ọ́ á to méjì léra, á wá máa bú ẹni tó ta tuntun fún un. Lórí àwọn ẹ́ńjìnnì Johnson àti Evinrude àtijọ́ kan, síkúrù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọ́ìlì tí orí rẹ̀ ní àmì àgbélébùú. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ohun tó ń yí gíá padà nínú ló dì mú, tí ẹ bá tú u, ó lè di pé kí ẹ tú ilé gíá.

Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti máa fún ọ́ìlì sínú, títí táá fi yọ lókè láìsí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dí òkè, kí ẹ tó yọ ẹnu páípù kúrò nísàlẹ̀. Ẹni tó bá ń dà á látòkè, afẹ́fẹ́ á há sínú, ọ́ìlì á wá dín, á sì rò pé ó ń jò.

Ọ́ìlì tí omi bá ti wọ̀ máa ń funfun bíi mílíìkì, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà ló jẹ́ ẹ̀bi wáṣà o. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dúró ní òòró di ọjọ́ kejì, kí ẹ rọra tú síkúrù ìsàlẹ̀: omi wúwo ju ọ́ìlì lọ, òun ló máa kọ́kọ́ jáde bó bá ti pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ti fi wáṣà tuntun sí méjèèjì, tó tún funfun, ẹ yọ pírópélà, kí ẹ wo ìdí ọ̀pá rẹ̀. Okùn ìpẹja máa ń wé mọ́ ibẹ̀, á sì gé síìlì, ìyẹn rọ́bà tó ń dá omi dúró nídìí ọ̀pá. Mẹkáníìkì lè fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sínú ilé gíá, kó fi omi ọṣẹ pa á lára. Bó bá hó nídìí síkúrù, ẹ padà sórí wáṣà. Bó bá hó nídìí ọ̀pá, síìlì ọ̀pá ni kí ẹ lọ rà.